Níbo ni Òǹkọ̀wé ti ń Rí Ọ̀rọ̀ Kọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjijì ni ìmísí ń bá òǹkọ̀wé, láìjẹ́ pé ó ti ibì kankan wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a fi olóògbé D. O. Fágúnwà ṣe àpẹẹrẹ.

Òkè-Igbó ni a bí i sí ní ọdún 1903. Àwọn òbí rẹ̀ di onígbàgbọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó sì lọ. Ó ń ṣe olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, Ọ̀yọ́, nígbà tí ilé ìtàwé C.M.S. tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938.

Orísun mẹ́ta ni a rí nínú ìwé náà. Èkínní ni àlọ́ àti ìtàn ọdẹ tí àwọn àgbà ń sọ ní alẹ́; láti inú wọn ni àwọn iwin àti ebora rẹ̀ ti wá. Èkejì ni Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀. Ìró ìwàásù wọ inú ìtàn Fágúnwà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dúró láàárín ọ̀nà láti gba òǹkàwé níyànjú. Ẹ̀kẹta ni ìwé John Bunyan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá ní Bedford nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ. Ìwé tí Bunyan tẹ̀ jáde ní 1678 nípa ìrìn-àjò onígbàgbọ́ kan ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́.

Síbẹ̀, Fágúnwà kò ṣe àdàkọ. Ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ni èrò Bunyan gbé pọ̀n. Ìbọn àti oògùn ni Àkàrà-oògùn, ọdẹ Fágúnwà, gbé wọ igbó. Àwọn méjèèjì rin ìrìn eléwu, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá pátápátá ni ti Fágúnwà. Nígbà tí ó di 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí ó pọn omi lódò àwọn ẹlòmíràn ti di odò.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọmọ tí kò gbọ́ àlọ́ rí, tí kò sì lè ka ẹsẹ Bíbélì kan ní èdè abínibí rẹ̀, kí ni yóò fi kọ̀wé lọ́la? Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa fún àwọn ọmọ ní Bíbélì Yorùbá kà sókè, kí àwa òbí sì máa pa àlọ́ fún wọn nílé. Àwọn tí yóò kọ̀wé lẹ́yìn wa ń tẹ́tí sí wa lónìí.