Iṣan Àyà àti Èémí: Ohun tí Ẹwìrì Alágbẹ̀dẹ Fi Hàn Wá

Bí a bá bi ènìyàn léèrè pé kí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú àyà, ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé ẹ̀dọ̀fóró ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan tí ó lè fi fẹ ara rẹ̀. Àwọn iṣan tí ó yí i ká ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kéré tó, òun ni ó lè jẹ́ kí òbí kan ní Òtu mọ̀ ní àkókò pé ikọ́ ọmọ òun ti kọjá ohun tí a ń fi àgbo wò. Èmi kò bá àgbo jà. Ìgbà tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, irú èyí tí àwọn àgbà Òkè-Ògùn mọ̀ dáradára. Bí ẹni tí ń fín iná bá gbé awọ ẹwìrì sókè, àyè inú rẹ̀ a fẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì wọlé fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyà wa. Iṣan fífẹ̀ kan wà tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn, tí ó rí bí igbá tí a dojú dé. Dáyáfíráàmù ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Bí ó bá súnkì, a rọ̀ wálẹ̀, ikùn a sì yọ síta díẹ̀. Láàárín àwọn egungun ìhà, tí ó jẹ́ 12 ní ọ̀tún àti 12 ní òsì, ni àwọn iṣan mìíràn wà tí ń gbé egungun náà sókè síta.

Ibi tí àfiwé wa ti yẹ̀ ni ìgbà tí a bá ń mí síta. Ẹni tí ń fín iná ní láti tẹ awọ mọ́lẹ̀. Àwa kò tẹ ohunkóhun bí a bá jókòó jẹ́ẹ́: iṣan a dẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tí a ti nà a sì sún padà bí rọ́bà. Ìgbà tí a bá ń gún iyán tàbí tí a ń kọ ebè ni iṣan ikùn ń dá sí i, tí iṣan ọrùn náà sì ń ranni lọ́wọ́ láti mí sínú.

Ti ọmọdé yàtọ̀, nítorí pé egungun àyà rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí òtútù àyà bá mú un, omi àti ọyún a kún inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní fẹ̀ bọ̀rọ̀ mọ́. Dáyáfíráàmù a wá fi agbára fà, débi pé ìsàlẹ̀ àyà, tí ó yẹ kí ó yọ síta nígbà tí ọmọ bá ń mí sínú, a máa wọ inú lọ. Àmì yìí ni kí a máa wò ju ìró ikọ́ lọ. Aṣọ ni ó sábà máa ń bò ó, pàápàá ní àkókò ọyẹ́ tí a ń fi aṣọ méjì mẹ́ta pọn ọmọ. Kí a tú aṣọ náà, kí a dúró kí ẹkún ọmọ dá, kí a sì ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, èémí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yá jù fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2. 50 fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11. 40 fún ọmọ ọdún 1 títí dé èyí tí kò tíì pé ọdún 5.

Bí a bá rí èyíkéyìí nínú àmì méjèèjì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó wà ní abà tí ó jìn sí ìgboro kò gbọdọ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́ bí ọmọ náà kò bá lè mu ọmú mọ́.