Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni Kanu fi borí Brazil?

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé aṣẹ́gun kì í kọsẹ̀. Ìdíje Olympics ọdún 1996 ní Amẹ́ríkà kò jẹ́rìí sí i. Nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ká dé àṣekágbá, Brazil, tòun ti Ronaldo àti Bebeto, ti na Nàìjíríà ní 3 sí 1, Okocha tiwa sì tún gbá pẹnárítì sọnù. Ikpeba dá ọ̀kan padà. Ó ku díẹ̀ kí fèrè dún, bọ́ọ̀lù bá Kanu nítòsí àwọ̀n, ó kẹ́yìn sí i. Kò kánjú. Ó rọra fi ẹsẹ̀ ta á sókè, ó yí padà, ó gbá a kọjá Dida, aṣọ́lé Brazil, wọlé. Ní àfikún àkókò, òun náà ló gbá ẹ̀kẹrin tó parí eré.

Ẹnìkan á ní orí ló ṣe é. Orí lè gbé bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ìfarabalẹ̀ yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ orí nìkan, ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá mọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, Chelsea ń na Arsenal, ẹgbẹ́ tí Kanu ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ní 2 sí 0 ní oṣù kẹwàá ọdún 1999. Kanu gbá 3 wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ̀kẹta láti ẹ̀gbẹ́ ìlà, níbi tí ẹlòmíì ì bá ti máa wá ẹni tó máa gbá a fún.