Odò tó jẹ ààfin Copán

Àwọn àgbà Òṣogbo máa ń sọ pé bèbè odò gan-an ni Láaróyè àti Tìmẹ́hìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Igi tí wọ́n gé ló wó sínú omi tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ni yèyé bá ní kí wọ́n sún sókè. Wọ́n sì sún.

Àwọn ará Copán ní tiwọn dúró ti omi wọn. Ìwọ̀-oòrùn Honduras ni Copán wà, nítòsí ààlà Guatemala, odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló sì ń gba àfonífojì ibẹ̀ kọjá. Ìlú àwọn Maya ni. Ọdún 426 ni K'inich Yax K'uk' Mo' jọba níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú ọba 16. Bí ọba kan bá wàjà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn a kọ́ ilé tuntun lé ti àtijọ́ lórí, títí ibẹ̀ fi di òkè. Ní ọdún 776, ọba ìkẹrìndínlógún, Yax Pasaj, gbẹ́ àwòrán gbogbo àwọn ọba náà yí òkúta onígun mẹ́rin kan ká, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bó ṣe gbẹ́ ẹ: òun àti ọba àkọ́kọ́ kojú síra, bàbá ńlá náà sì ń na ọ̀pá àṣẹ sí i. Ọba tó mọ ìdílé rẹ̀ ló gbẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí oyè tán. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń tún ibẹ̀ ṣe mọ́, odò ń gé ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn òkè ààfin náà lọ, ilé ń wó sómi, àfìgbà tí Carnegie Institution ti Amẹ́ríkà darí omi gba ibòmíràn láàárín ọdún 1930 sí 1940. Àdánù ńlá ni. Síbẹ̀, ibi tí omi gé yẹn ló fi ilẹ̀ ilé lórí ilẹ̀ ilé han àwọn awalẹ̀pìtàn. Wọ́n gbẹ́ ihò wọnú òkè náà, nígbà tó sì di 1989, wọ́n bá tẹ́ńpìlì Rosalila lódindi lábẹ́ òmíràn, ọ̀dà pupa ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ibẹ̀ dé ìlú Copán Ruinas. Àwọn Ch'orti', ọmọ Maya, ṣì ń gbin àgbàdo àti erèé káàkiri agbègbè náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn Maya ti parun.