Ọdún Igi Ìbílẹ̀: Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Igi ní Agbègbè Ìbàdàn, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀

Igi ìbílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí èso àràbà bá là, afẹ́fẹ́ á ti gbé òwú àti hóró inú rẹ̀ lọ kí ẹni tó fẹ́ ṣà á tó rí àkàbà yá. Hóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n bá dà sójú fèrèsé títí ó fi gbẹ táútáú kì í fẹ́ hù mọ́. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn igi ilẹ̀ wa kọ́kọ́ ní ni àlámànàkì, kó tó wá owó, kó tó wá ṣọ́bìrì. Ẹni tó bá dé ìdí igi lẹ́yìn àsìkò, ó di àmọ́dún, àwọn igi kan sì wà tí àmọ́dún pàápàá kò dájú fún.

Tí a bá ní igi ìbílẹ̀, àwọn tó ti wà nínú igbó àti ọ̀dàn wa kí ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè wá ni à ń sọ: ìrókò, arère, apá, ọ̀gànwó, igbá, ẹmi, ahùn, àgbálùmọ̀, orógbó, akòko. Máńgòrò, kòkó, dóńgóyárò, tíìkì àti melaina kò sí lára wọn. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé ìyeyè, tó wọ inú àgbo àti ètùtù wa tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Kò sẹ́ni tó ní kí a gé ìyeyè. Ṣùgbọ́n àwọn igi àtọ̀húnrìnwá ní ìjọba àti ilé iṣẹ́ tó ń gbìn wọ́n. Nínú igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi gbin melaina nítorí ilé iṣẹ́ tákàdá tí wọ́n kọ́ sí Ìwópìn. Ta ló ń gbin ahùn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1930 ni Frank Bridges, ọ̀kan nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, dá Nigerian Field Society sílẹ̀, ìwé wọn, The Nigerian Field, sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1931. Igi, ẹyẹ, ẹranko, iṣẹ́ ọnà àti ìtàn ni wọ́n kó pọ̀. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ náà rí ẹ̀yìn fẹ̀ tì, nítorí Forestry Herbarium Ibadan wà ní Jẹ́ríkò, nínú ọgbà àjọ ìwádìí igbó tí a mọ̀ sí FRIN. Ọdún 1943 ni wọ́n dá Herbarium náà sílẹ̀. Ewé àti òdòdó gbígbẹ tí wọ́n tò pa mọ́ níbẹ̀ lé ní 100,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, ibi tí wọ́n ti já a, àti ọjọ́ tí wọ́n já a. Z. O. Gbile kó orúkọ Yorùbá àwọn igi àti ewé jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1984. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n wá a rí.

Ọyẹ́ ni Ṣẹ́rẹ́ fi ń wọlé. Koríko ọ̀dàn ti lọlẹ̀, ẹsẹ̀ ríbi gbà, àsìkò yìí ló sì dára jù láti kó ẹgbẹ́ lọ sí Old Oyo National Park, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, tí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti wo igbá, igi irú, tó yọ òdòdó. Òdòdó náà rí roboto, ó pọ́n gan-an, ọ̀pá tó gbé e dúró gùn, ó rọ̀ sísàlẹ̀ jìnnà sí ewé. Nítorí àdán ni igbá ṣe rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lálẹ́ ni omi dídùn inú rẹ̀ ń sun. Àdán á gbá a mú, á lá a, àtíkè òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lójú àti láyà, á sì gbé e dé orí igbá mìíràn. Ọ̀pọ̀ irú tí a fi ń se ọbẹ̀ wa, ọwọ́ àdán ló gbà kọjá kó tó dé ìkòkò. Ó dùn mí pé ọmọ tó mọ adùn irú dáadáa lè dàgbà láì fojú kan òdòdó yìí rí.

Láti Èrèlè lọ sí Ẹrẹ̀nà, ìrókò ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Òdòdó akọ gùn, ó funfun, ó tín-ín-rín, ó ń mì nínú afẹ́fẹ́. Ti abo kúrú, ó ki, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Ìrókò ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ní kò so rí, ó lè jẹ́ akọ. Èso abo rọ̀, hóró inú rẹ̀ kéré púpọ̀, àdán ló sì ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ bí àdán ṣe ń bo igi lójú ọ̀sán. Àwọn ará ibẹ̀ ń ráhùn ariwo wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ igbó ni wọ́n ń ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ mú tiyín, ẹ tẹ́ tapólìnì sábẹ́ igi abo ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ṣa èso tó bá já sílẹ̀ lówùúrọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ. Ẹ sá hóró rẹ̀ sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì gbìn ín láì jẹ́ kó pẹ́.

Ìṣòro ìrókò kò sí níbi híhù, ó ń hù dáadáa. Lẹ́yìn tó bá hù ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà, Phytolyma lata, tó ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú rẹ̀. Ibi tí ọmọ kòkòrò náà bá wọ̀ á wú, á di kókó. Kókó á là, á jẹrà, orí igi á sì kú. Igi á tún rú, kòkòrò á tún dé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oko tí wọ́n gbin ìrókò nìkan sí ṣe já sí òfo. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí a gbìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ ibòji díẹ̀, bó ṣe ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Kí a má sì gbàgbé àwọn tó tọ́jú igi ìyá fún wa. Nínú àwọn ìrókò ńlá tó kù nígboro, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé aṣọ funfun tí àwọn olórìṣà wé mọ́ ìdí wọn ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ayùn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣa èso lábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó ni ojúbọ náà, kí wọ́n tọrọ àyè.

Òjò àkọ́rọ̀ ń já ní Ẹrẹ̀nà tàbí Ìgbé, gbogbo ọwọ́ á sì dé ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ igi. Hóró igbá le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀; ẹ da omi gbígbóná lé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Apá kò ní wàhálà: hóró dúdú ni, ó dé fìlà olómi ọsàn, ọmọ ilé ìwé lè gbìn ín kó sì hù lójú rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lọ sí ilé ìwé, apá ni kí wọ́n gbé lọ. Orógbó ń fẹ́ sùúrù, ó lè ju ọdún kan lọ kó tó yọ orí, ọ̀pọ̀ ló sì ń da ilẹ̀ rẹ̀ nù nígbà tó kù díẹ̀ kó hù. Ní ti arère, ó lè lo ọdún mélòó kan láì so, ọdún tó bá sì so, kòkòrò a máa jẹ hóró rẹ̀ lórí igi. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn fi wá ọ̀nà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, láti máa fi ẹ̀ka tútù gbin arère kó lè ta gbòǹgbò. Ẹgbẹ́ tó bá ní abẹ́ mímú, iyanrìn mímọ́ àti náílọ̀n tí yóò mú kí ibẹ̀ máa rin lè gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ̀bibi àti Òkúdu ni kí ẹ kó ọmọ igi lọ sóko, nígbà tí ilẹ̀ ti mumi yó. Kí ẹ ronú sí ibi tí ẹ ó gbìn sí: àràbà àti ìrókò kò bá ilé mu, akòko àti àgbálùmọ̀ bá a mu. Agẹmọ, ìtọ́jú ni: ẹ ro ìdí wọn, kí ẹ sì pààrọ̀ èyí tó bá kú.

Ní oṣù Ògún, òjò á simi díẹ̀, ọdún Ọ̀ṣun á sì dé ní Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 75 lọ, síbẹ̀ oríṣi igi àti ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 400. Òfin òrìṣà àti iṣẹ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́, ni kò jẹ́ kí wọ́n gé e. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kọ́ igi níbẹ̀, kí wọ́n lọ lẹ́yìn ọdún, nígbà tí èrò ti tú, kí wọ́n má sì já ewé kankan.

Oṣù yìí kan náà ló dára fún ọjà Bódè ní Ìbàdàn. Ẹ má lọ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dán ènìyàn wò. Ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ ra nǹkan, lẹ́yìn náà ẹ béèrè orúkọ. Ìyá náà á fi ewé kan hàn yín, á gbóòórùn rẹ̀, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, á sọ èyí tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù Jẹ́ríkò. Ẹ wo èèpo igi pẹ̀lú. Èèpo ọ̀gànwó àti ahùn ń fọ́n sójú ọjà, ọ̀pọ̀ sì wá láti ara igi tí wọ́n bó yíká. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yíká ti kú nìyẹn, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà dé gbòǹgbò. Tí wọ́n bá bó o díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè san. Àwọn ìyá wọ̀nyí mọ àwọn tó ń bó igi fún wọn, ẹnu wọn ló sì lè dé etí àwọn yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá bá ìyá kan ṣọ̀rẹ́ ní Bódè ti ṣe ju ẹgbẹ́ tó tẹ ìwé ìléwọ́ lọ.

Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni oṣù ewé gbígbẹ. Ẹ gé ẹ̀ka kékeré tó ní ewé, tó ní òdòdó tàbí èso, nítorí ewé nìkan kì í sábà tó láti mọ orúkọ igi. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, ẹ fi pákó méjì há a, kí ẹ fi okùn dì í le. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà títí yóò fi gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa hu. Ẹ kọ gbogbo ohun tí gbígbẹ yóò pa rẹ́: àwọ̀ òdòdó, òórùn, bí oje rẹ̀ ṣe rí, bí igi ṣe ga tó. Ẹ kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ pè é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, ìbáà yàtọ̀ sí ti ìlú yín.

Kí Ọ̀wàrà tó parí, ẹ fa ewé Akíntọ́lá tu. Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá, ó sì ti gba eteetí igbó wa. Tó bá fi di òpin ọdún, á ti yọ òdòdó, hóró rẹ̀ á sì máa fò lọ nínú ọyẹ́; ẹni tó bá gé e nígbà náà ń bá a fúnrúgbìn ni. Àrọ̀kúrò ṣì mú kí ilẹ̀ rọ̀ ní Ọ̀wàrà, gbòǹgbò rẹ̀ á bá ọwọ́ jáde.

Ní Bélú, ẹ tọrọ àyè láti wo igbó IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967, oko àwọn ará abúlé wà lórí ilẹ̀ náà. Nínú nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000 tí wọ́n gbà, wọ́n fi nǹkan bíi 350 sílẹ̀, igbó sì padà gba ibẹ̀. Nínú irú igbó agbègbè yìí ni ẹyẹ kan ń gbé tí wọ́n fi Ìbàdàn sọ lórúkọ, Malimbus ibadanensis, tí J. H. Elgood kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Kí àwọn tó rò pé ilẹ̀ tí a bá ti fi dáko kò lè di igbó mọ́ wá wo ibẹ̀.

Ọ̀pẹ̀, ẹ yẹ́ ọ̀nà iná. Gbogbo ọmọ igi tí ẹ gbìn láti Ẹ̀bibi, iná ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ wọ́n tán ní ọ̀sán kan. Ẹ ro ilẹ̀ yípo oko títí dé erùpẹ̀, kó fẹ̀ tó èyí tí iná koríko kò ní lè fò kọjá, kí ẹ kó pàǹtí rẹ̀ jìnnà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ àti àwọn Fúlàní tó ń da ẹran nítòsí kí ọyẹ́ tó le, ẹ fi ibi tí igi wà hàn wọ́n, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù wọn. Àgbálùmọ̀ àkọ́so á ti máa dé ọjà nígbà náà. Ẹ sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú hóró rẹ̀ sínú nǹkan tó rin díẹ̀, kí wọ́n kó o wá sí ìpàdé Ṣẹ́rẹ́.