ÌTỌ́JÚ BÀTÀ ỌJỌ́ ÌSINMI

Ní àkókò òjò, kì í ṣe àgbàdo inú àká nìkan ni ọ̀rinrin ń bà jẹ́. Bàtà aláwọ tí a tì sí abẹ́ ibùsùn ní Yemẹtù láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé èkejì a máa bu, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun yóò sì bo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i a sì sáré gbé e sí ẹ̀bá ààrò. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà náà ti ń kú.

Awọ ẹran ni awọ bàtà. Ọ̀rá àti omi díẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mú kí ó rọ̀. Iná àti oòrùn ọ̀sán gangan a máa fà wọ́n jáde. Awọ náà yóò gan, yóò sì là ní ibi tí ẹsẹ̀ gbé ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí òjò bá pa bàtà, ẹ nu ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ rún ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà bí ó ti ń mu omi. Ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ gbé e sí, ìbá gbà tó ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni kí ẹ tó fi pólíìṣì díẹ̀ pa á. Ìda àti òróró inú rẹ̀ ni í lé omi sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ Kiwi, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní Melbourne ní Australia ní ọdún 1906. Àwọn kan a máa fi epo pupa rọ́pò pólíìṣì. Èyí kò dára, nítorí eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, eku yóò sì wá a wá.

Awọ ewúrẹ́ Sókótó àti Kánò, èyí tí a ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe, ti la Sàhárà kọjá tipẹ́tipẹ́, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco. Èyí tí a pa láró pupa kò fẹ́ omi púpọ̀, nítorí aró rẹ̀ lè ṣí. Aṣọ tútù tí a fún dáadáa ti tó o.

Awọ tí ojú rẹ̀ rí bí àrán kò gbọdọ̀ rí pólíìṣì rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni tirẹ̀. Èyí tí ń dán bí dígí, aṣọ tútù ni a fi ń nù ún. Bàtà kánfáàsì funfun, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá, kí ó má baà pọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti bàtà òde òní tí a fi awọ àtọwọ́dá ṣe. Ẹlòmíràn a rà á, a sì fi pamọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa jẹ irú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan láìjẹ́ pé a wọ̀ ọ́, tí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa wọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ẹni tí ó ní bàtà ọjọ́ Ìsinmi méjì fi ń lọ sí oko láìwọ nǹkan kan? Aràn kan wà tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ìfun. Ọmọ rẹ̀ a máa gbé inú ilẹ̀ tútù tí a ti yàgbẹ́ sí, awọ ẹsẹ̀ ni ó sì ń gbà wọlé. Bí ojú ọmọ yín bá funfun, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, ẹ mú un lọ sí Ilé Ìwòsàn Adéọ̀yọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bàtà aláwọ tí ó ti gbó fún ìsìn, tí a sì tọ́jú bí a ti wí yìí, ó tó wọ̀ lọ sí oko. Ẹ gbé e fún aránbàtà kí ihò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀.