Ìgbà Tí Ọjà Oko Kọ́ Wa Ní Jọ́gíráfì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá ọ̀rọ̀ tòní sílẹ̀. Ó wà ní SS2, ó sì ti pinnu pé òun máa fi jọ́gíráfì sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, àhásórí lásán ni. Igbó ẹgàn, ọ̀dàn, òjò báyìí báyìí." Èmi náà há a sórí nígbà tèmi, mo sì ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, nítorí náà mi ò rí nǹkan kan bá a jà sí. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo kó tó lọ bá tíṣà rẹ̀.

Oṣù kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú. A kúrò n'Ìbàdàn ní aago 6:30 àárọ̀, a gba ọ̀nà Ìdó tó lọ sí Ẹrúwà. Ọjà abúlé kan ni mo fọkàn sí. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, mo sì ti ka ọjọ́ márùn-ún gbáko lé ọjọ́ tí wọ́n ná an kẹ́yìn. A débẹ̀, kò séèyàn. Àtíbàbà òfìfo, ewúrẹ́ méjì, àti màmá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀. A kúnlẹ̀ kí i.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọjà ò tíì kún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àná la ná an, ọmọ mi. O ṣì í kà ni."

Òótọ́ ni. Nínú ìṣirò Yorùbá, ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Bó bá di ìkarùn-ún, ọjà tún pé, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọrọọrún. Ọjà mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án náà, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ẹ wo àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n kà!

Ọmọ náà wá bi màmá pé kí ló dé tí gbogbo abúlé ò fi ná ọjà wọn lọ́jọ́ kan náà. Màmá ní, "Ta ló máa wá ra tiwa nígbà náà?" Ó fi ìgbálẹ̀ nawọ́ síwájú: tọ̀hún lónìí. Ó nà án sósì: tìyẹn lọ́la. Ó nà án sọ́tùn-ún: ọ̀túnla. Lẹ́yìn ìyẹn, ó padà kan tiwọn. Abúlé kan ṣoṣo ò ní oníbàárà tó lè máa ra nǹkan lójoojúmọ́, àmọ́ alájàpá lè yí ká gbogbo wọn, àgbẹ̀ náà ò sì ní gbẹ́rù jìnnà. Ọmọ náà yọ ìwé, ó kán tóótòòtó mẹ́rin, ó fi ìlà yí wọn ká. Mi ò ní kó ya nǹkan kan o.

A kọjá afárá odò Ògùn. Igi ti ń fọ́nká, koríko ti gba ilẹ̀, àpáta ti ń yọrí. Nígbà tá a dé ọjà tó ń ná lọ́jọ́ náà, òun ló ń bi àwọn ìyá ọlọ́jà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti mú un wá?" Tẹ̀tẹ̀ tútù wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn: àkùrọ̀ etí odò ni wọ́n ti gbìn ín. Orí àpáta ni wọ́n ti sá làfún. Oòrùn á gbóná lókè, òkúta á gbóná nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàrà, nítorí màlúù máa ń gbádùn ọ̀dàn ju inú igbó tí eṣinṣin tsetse ti ń kó àìsàn ràn án lọ. Obì gbànja ló yà á lẹ́nu jù. Kò sí igi rẹ̀ kankan nítòsí. Ìyá tó ń tà á ní ìhà igbó ló ti ń wá. Ọ̀nà tá a gbà wá gan-an ni obì náà gbà.

Títí a fi délé, kò sọ bóyá ó ṣì máa fi jọ́gíráfì sílẹ̀. Mi ò sì bi í. Ó kàn ń ka ìgbà tí wọ́n tún máa ná ọjà yẹn lórí ìka rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òní.