Ọgbẹ́ Inú: Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Fi Ojú Rí I

 

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan gbogbo àwa tí a ń jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí òkè inú bá ti ń ta èèyàn, á ní, "Ulcer mi ti dé." Ta ló sọ fún un pé ulcer ni? Oníṣọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Á ra oògùn, á lò ó, á rọlẹ̀, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ ó tún dé. Ṣé a máa ń ra àpò ẹ̀wà láì tú ẹnu rẹ̀ wò?

Nígbà kan, àwọn dókítà náà rò pé ìrònú àti ata ló ń fa ọgbẹ́ inú. Àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, ló rí kòkòrò kan nínú ikùn, Helicobacter pylori. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò yìí mu fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bì. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, wọ́n bá kòkòrò náà níbẹ̀, ikùn sì ti wú. Ní 2005 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun kejì tí ń dá ọgbẹ́ síkùn ni oògùn ara ríro. Aspirin, tó wà nínú Alábùkún, àti ibuprofen, bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n a máa bó inú ikùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù, ẹ gbọ́ o.

Endoscopy ni wọ́n ń pe wíwò náà. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́nà Iléṣà, ń ṣe é. Dókítà ni yóò kọ ọ́ fún yín. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, àti àgbo pẹ̀lú. Oògùn ulcer bíi omeprazole lè fi kòkòrò náà pamọ́, torí náà ẹ má fi ṣe àṣírí.

Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí 6 sí 8 ṣáájú. Ẹni tó ní eyín àtọwọ́dá á yọ ọ́. Wọ́n á fín oògùn sí ọ̀fun yín kó lè kú, ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á fi nǹkan oníke sáàárín eyín yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé okùn kan mì, ó rọ̀, kò ju ọmọ ìka kékeré lọ, iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Á ṣe yín bí ẹni fẹ́ bì, inú á sì kún fún afẹ́fẹ́. Ẹ fi ara balẹ̀, ẹ máa mí. Ọ̀nà oúnjẹ ló gbà, kò dí ọ̀nà èémí. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 5 sí 15 lọ. Èmi náà ti ṣe é. Kò dùn mọ́ni, àmọ́ kì í ṣe ìrora.

Wọ́n lè já ẹran ara bíńtín láti fi yẹ kòkòrò wò. Ẹ má bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ni wọ́n rí.

Ẹ má jẹun títí ọ̀fun yóò fi sọjí. Bí wọ́n bá fún yín lábẹ́rẹ́ oorun, kí ẹnì kan sìn yín lọlé. Ẹ má ka owó àjọ, ẹ má fọwọ́ síwèé kankan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Bó bá jẹ́ kòkòrò, oògùn tí ń pa á wà, ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn lò ó. Ẹ lò ó tán, bí ara bá tilẹ̀ ti yá.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, bí oúnjẹ ò bá lọ lọ́fun, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró tajà. Ẹ ti ìsọ̀, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ọjà kì í tú kó má tún ná, ẹni tó wà láàyè ló ń ná an.

Ọjà á tà o.